Màá Máa Gbàdúrà fún Ọ

"Ẹni tó bá mọ ohunkóhun nípa fóònù yìí, kó jáde síbí kó wá sọ ọ́."

Gbogbo pápá dákẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní Ṣakí láàárọ̀ ọjọ́ náà, eruku sì ń gbá kiri lẹ́sẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Níwájú gbogbo wọn ni Mùyìbátù dúró sí, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Òun ló gbá yàrá àwọn olùkọ́ lọ́jọ́ tí fóònù Ìyáàfin Abíọ́nà, olùkọ́ kẹ́mísírì, pòórá lójú fèrèsé tí ó ti ń gba iná. Wọ́n tú àpò rẹ̀, wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ní ta ló tún wọ ibẹ̀ bí kì í bá ṣe òun?

Nínú ìlà àwọn SS3, Ojúọlápé ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mọ ẹni tó mú fóònù náà bí ẹní mowó.

Lánàá ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́, ó ti ọwọ́ bọ inú àpò Ayọ̀dèjì kó lè kó ìwé orin síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Fóònù ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Ó dá ìlà tó là lójú rẹ̀ mọ̀, torí pé gbogbo kíláàsì ló mọ fóònù Ìyáàfin Abíọ́nà. Ayọ̀dèjì sì ni ààrẹ ẹgbẹ́ wọn. Bí ó bá ń gbàdúrà, àwọn olùkọ́ tó ń kọjá lọ a máa dúró ṣe àmín.

"Lápé, jọ̀ọ́, má pariwo," ni Ayọ̀dèjì sọ. "Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo rí i níbẹ̀, mo sì mú un. Màá dá a padà."

"Nígbà wo?"

"Lọ́la. Ṣùgbọ́n ronú sí i o. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ààrẹ ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ ló jí fóònù, kí ni wọ́n á sọ? Orúkọ Jésù ni yóò bàjẹ́. Wọ́n á ti ẹgbẹ́ wa pa."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ojúọlápé létí. Òun ló ń darí orin nínú ẹgbẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọ́n ọn lé. Ó dákẹ́.

Ó tún dákẹ́ ní pápá láàárọ̀ yìí. Ọ̀gá ilé-ìwé dúró títí, kò rí ẹni tó jáde. Ó wá yíjú sí Mùyìbátù.

"Máa lọ sílé. Ọjọ́ tí fóònù bá délẹ̀ ni kí o tó padà wá."

Bí Mùyìbátù ṣe ń lọ, ó bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ojú ẹnì kan ṣoṣo láàárín èrò. Ojúọlápé tún tẹjú mọ́lẹ̀.

Ògiri kan ló la ilé àwọn méjèèjì láàárín. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé síléètì ni wọ́n ti jọ ń lọ tí wọ́n jọ ń bọ̀. Bí wọ́n bá ń gbààwẹ̀ Ràmàdánì nílé Mùyìbátù, Ojúọlápé ló máa ń bá wọn gbé omi kalẹ̀ de ìṣínu. Bí ọdún Kérésì bá dé, kò sẹ́ni tó ń pe Mùyìbátù kó tó wọlé wá jẹun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mùyìbátù wá bá a lẹ́yìnkùlé. Apá rẹ̀ wú, ìlà pàṣán sì hàn gbangba lára rẹ̀.

"Bàbá mi ní bí ilé-ìwé bá lé mi, oko ò lé èèyàn. A ń lọ sóko lọ́la, lọ́nà Àgó-Àrẹ, láti lọ wa iṣu." Ó nu imú. "Lápé, gbogbo èèyàn ló ń wò mí bí olè. Ìwọ gbà mí gbọ́, àbí o ò gbà mí gbọ́?"

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ni Ojúọlápé wí. Òótọ́ yòókù wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì. "Màá máa gbàdúrà fún ọ."

Mùyìbátù rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. "O ṣeun. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run yóò gbọ́ tìrẹ."

Ojúọlápé gbàdúrà lóòótọ́. Ó tilẹ̀ gbààwẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá sì bi Ayọ̀dèjì léèrè, Ayọ̀dèjì á ní ọ̀la ni, ọ̀la á dé, á tún ní ẹ̀rù ń ba òun, pé kó jẹ́ kí ilẹ̀ tutù díẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ ń ṣòro sọ. Kí ni yóò sọ pé ó pa òun lẹ́nu mọ́ látọjọ́ yìí? Ó wá ń kọrin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn èèyàn ń yìn ín pé ọmọ náà ń dàgbà nínú ẹ̀mí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ń fi orin ìkórè kọ́ra nínú ilé ìjọsìn. Ojúọlápé ni yóò dá ẹsẹ kejì kọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni ó rí màmá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá náà kò wọlé. Ó di gèlè rẹ̀ mú lọ́wọ́, orí rẹ̀ sì ṣófo.

"Màámi, kí ló dé?"

"Wá jẹ́ ká lọ. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá."

"Ta ni?"

"Mùyìbátù ni. Ejò ṣán an lóko. Wọ́n ní paramọ́lẹ̀ ni, níbi tó ti ń ṣa iṣu jọ. Ọ̀kadà ni wọ́n fi ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọn ò tíì dé títì nígbà tó dákẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́."

Ojúọlápé kò mọ bí òun ṣe dé ilé. Ó ṣáà bá ara rẹ̀ ní àgbàlá àwọn Mùyìbátù. Wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n sì ti sin ín. Kò rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́, kódà òkú rẹ̀. Àwọn obìnrin jókòó sórí ẹní, Ìyá Ràsáàkì, ìyá Mùyìbátù, sì wà láàárín wọn. Aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́.

"Lápé, o dé," ni ó wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọ̀rẹ́ rẹ ní kí n máa bá òun fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní wọ́n máa rí fóònù yẹn ṣá, pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí i, òun ò fẹ́ wọ aṣọ ìdọ̀tí padà lọ bá wọn."

Ojúọlápé wólẹ̀ síwájú ìyá náà.

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Mo mọ ẹni tó mú un. Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó lé e. Ẹ dárí jì mí, mo mọ̀ ọ́n!"

Ẹkún dá lójijì. Obìnrin kan dìde, ó na ọwọ́ láti gbá a létí.

"Ẹ fi í sílẹ̀." Bàbá Ràsáàkì ni. Ó ti ẹ̀yìn ilé yọ, eruku oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Ojúọlápé títí ojú wọn fi ṣe mẹ́rin. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"Mo nà án." Ohùn bàbá náà lọ sílẹ̀ débi pé ekukáká ni wọ́n fi gbọ́ ọ. "Mo na ọmọ mi nítorí fóònù yẹn. Ó ń fi Ọlọ́run búra fún mi, mi ò gbà á gbọ́, mo ń nà án lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ ni ì bá gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Ojúọlápé dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Má bẹ̀ wá mọ́," ni bàbá náà wí, ó sì ń dìde. "Ibi tí wọ́n ti pè é lólè ni kí o lọ. Lọ sọ ọ́ níbẹ̀, létí gbogbo wọn."

Nígbà tí wọ́n délé, màmá rẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láìrán nǹkan kan.

"Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Àti ìwọ àti Ayọ̀dèjì lẹ jọ gbé fóònù yẹn."

"Màámi, mo gbàdúrà fún un. Mo gbààwẹ̀. Kí ló dé tí Ọlọ́run kò gbọ́?"

"Ó gbọ́, ọmọ mi." Omijé ti ń bọ́ lójú ìyá náà. "Ó ti fi ìdáhùn sí ọ lẹ́nu kí o tó kúnlẹ̀. Ìwọ ni o ò la ẹnu."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn tí wọ́n kọrin ìyìn tán lórí pápá, Ojúọlápé jáde nínú ìlà. Ẹnikẹ́ni kò pè é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ó dúró síbi tí Mùyìbátù dúró sí lọ́jọ́ náà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: bí òun ṣe rí fóònù náà, inú àpò ẹni tí òun ti rí i, àti bí òun ṣe dákẹ́ nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó mọ̀ sọ̀rọ̀.

"Mùyìbátù kò jalè," ni ó fi parí ọ̀rọ̀. "Èmi ni mo jẹ́ kí ẹ pè é lólè."

Ìyáàfin Abíọ́nà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó yí padà, ó sì wọ yàrá olùkọ́ lọ. Ayọ̀dèjì kò sẹ́. Ó jókòó sínú eruku níbi tó wà, ó gbé orí lé orúnkún, ó ń sunkún. Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ̀ mú òun àti fóònù náà wá, Ayọ̀dèjì àti Ojúọlápé sì gba ìyà tó tọ́ sí wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn olùkọ́ lọ sílé àwọn Mùyìbátù láti lọ tọrọ ìdáríjì. Wọ́n ní bàbá Mùyìbátù gbọ́ wọn dópin, ó sì béèrè pé, "Ta ni ẹ wá bá?"

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yin Ojúọlápé. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yọ ọ́ sápá kan.

"O tà wá. Wọ́n ti ń fi wá ṣẹ̀sín káàkiri. O ti ba orúkọ Jésù jẹ́ nílé-ìwé yìí."

"Orúkọ Jésù kò bàjẹ́ lọ́jọ́ tí mo sọ òótọ́," ni ó dá wọn lóhùn. "Ọjọ́ tí mo dákẹ́ ni mo bà á jẹ́."

Nígbà tí ọjọ́ ìkórè dé, ẹlòmíràn ló dá ẹsẹ kejì kọ. Ojúọlápé jókòó sẹ́yìn pátápátá. Bí ìjọ ṣe túká, ó gba ilé Ìyá Ràsáàkì lọ. Ó bá a níbi tó ti ń bó iṣu èlùbọ́, àwọn iṣu tí Mùyìbátù bá wọn wà. Ó kúnlẹ̀ kí i. Ìyá náà kò wò ó, ó ń bó iṣu rẹ̀ lọ. Ojúọlápé jókòó tì í títí, lẹ́yìn náà ó dìde lọ sílé. Ó tún padà wá ní ọjọ́ kejì, ó pọnmi, ó gbálẹ̀, ó lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí ó ṣe kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, Ìyá Ràsáàkì na ọ̀bẹ kan sí i, ó sì ti iṣu díẹ̀ síwájú rẹ̀. Kò ní òun ti dárí jì í. Ojúọlápé náà kò béèrè. Wọ́n jọ ń bó iṣu, omijé sì ń kán sórí èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ̀kọ́ tí Ojúọlápé kọ́ yìí, olówó iyebíye ni, ẹlòmíràn ló sì san án. Ó ti rò pé inú ilé ìjọsìn ni èèyàn ti ń sin Ọlọ́run, pẹ̀lú orin àti àdúrà. Kò mọ̀ pé lórí pápá ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó mọ̀ jáde, ìsìn ni wọ́n pè é sí. Àdúrà dára, ààwẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ tí yóò gba ọmọnìkejì wa bá wà lẹ́nu wa, kò sí orin tí a lè kọ rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́, nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì lè gbọ́.