Àwòrán Nell Tí Omi Gbé Lọ

"Yéè! Mo gbé!"

Hester gbé gíláàsì kan tí wọ́n ya àwòrán sí sókè, omi ń ro lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Gíláàsì àtijọ́ ni bàbá rẹ̀ ní kó fọ̀, kí wọ́n lè fi ya àwòrán tuntun, gẹ́gẹ́ bí àwọn onífọ́tò ìlú Bradford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe. Hester ò wo ohun tó ń họ. Àwòrán òkú Nell, ọmọ oṣù mẹ́fà tó kú láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí bàbá Hester ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yà nílé wọn, ló họ dànù. Ìyá Nell, tó ń hunṣọ nílé iṣẹ́ ìsàlẹ̀ odò, kò ní àwòrán ọmọ náà mìíràn láyé.

"Kí ló dé, Hester?" bàbá rẹ̀ bi í láti iwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Kò sí nǹkan, Bàbá."

Ẹ̀rù ló ń bà á. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ackroyd, ti búra pé bó bá tún ba gíláàsì kan jẹ́, ilé iṣẹ́ aṣọ ló ń lọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò ni Hester fẹ́ràn jù. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí gíláàsì Willie, ọmọ kan tó sùn fọnfọn nígbà tí wọ́n yà á. Ìborùn funfun kan náà ló wà lára òun àti Nell, torí ìborùn ṣọ́ọ̀bù ni bàbá rẹ̀ fi ń wé gbogbo ọmọ ọwọ́. Hester bá tẹ àwòrán ọmọ yẹn sórí bébà. Ta ni yóò mọ̀?

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbé àwòrán náà lọ fún Ìyá Nell. Ìyá Nell gbá a mọ́ àyà. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi rèé! Mo ṣebí àìsàn ti jẹ ẹ́ tán. Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ dáadáa."

Hester ò lè ṣe àmín.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Ìyá Willie lọ kí Ìyá Nell kú ará fẹ́ra kù. Ó gbójú sókè, ó rí àwòrán lára ògiri, ó fi igbe ta. Àwòrán yẹn gan-an wà nílé tirẹ̀! Àwọn méjèèjì kọrí sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ta ló kó Willie mi tó wà láàyè sáàárín òkú?" Ìyá Willie ń bínú fùfù. "Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

"Ẹ ṣe sùúrù, Ìyá Willie, n ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀," ni Ọ̀gbẹ́ni Ackroyd wí.

Hester bú sẹ́kún. "Èmi ni. Mo fọ ti Nell dànù."

Ìyá Nell ò pariwo. "Ọjọ́ wo lo fọ̀ ọ́?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mà."

"Ọjọ́bọ̀ la sin ín."

Ọ̀gbẹ́ni Ackroyd di orí mú. "Hester! Odidi Ọjọ́rú! Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá gbé kámẹ́rà padà lọ."

Ìyá Nell rọra dojú àwòrán náà dé orí tábìlì. "Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń kí láràárọ̀. Ní báyìí, n ò rántí bí imú Nell ṣe rí mọ́."

Bàbá Hester ò lé e lọ sílé iṣẹ́ aṣọ. Ìyá Nell kàn ò tún gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn kọjá mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Àṣìṣe Hester ṣì ní àtúnṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Irọ́ ló sin àtúnṣe náà pẹ̀lú Nell. Bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ tètè jẹ́wọ́.