Korobá Omi Tí Nayeli Gbé Pamọ́

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, Ìyá àgbà Chole kú.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Nayeli. Ìlú Tucson ní aṣálẹ̀, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, ni ó ń gbé, lọ́dọ̀ Ìyá àgbà àti Tátà, bàbá àgbà rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá àgbà ti fọ ìborùn wọn. Omi ìfọṣọ náà ṣì wà nínú korobá.

Ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ ni wọ́n máa ń da irú omi bẹ́ẹ̀ sí, lọ́jọ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n Nayeli gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilé. Ó fi páànù bò ó.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó ṣí i. Fín-ín! Òórùn ọṣẹ ni. Òórùn Ìyá àgbà ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí i. Omi ti dúdú.

Lọ́jọ́ kẹta, oòrùn mú ganrín-ganrín. Ó ṣí i. Họ̀ọ́! Ó ń rùn!

Pulga, ajá wọn, sáré dé. Là, là, là! Ó lá omi náà.

"Pulga, fi sílẹ̀!"

Ó ti pẹ́ jù. Pulga bì. Ó tún bì.

"Tátà! Tátà o! Ẹ wá wo Pulga!"

Tátà jáde. Wọ́n wo ajá. Wọ́n wo korobá.

"Ta ló gbé omi yìí síbí?"

"Èmi ni, sà. Omi tí Ìyá àgbà fi fọṣọ ni. Mi ò fẹ́ kó tán."

Tátà lóṣòó tì í.

"Omi ìfọṣọ kì í sùn mọ́jú nílé, Nayeli. Tó bá sùn, kòkòrò àìsàn á kún inú ẹ̀."

"Ṣé ká lọ dà á fún igi báyìí?"

"Rárá. Ọjọ́ tí wọ́n fọṣọ ló yẹ kí igi mu ún."

Wọ́n dà á sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Gbùùù! Ó lọ.

Nayeli sunkún. Tátà nu ojú rẹ̀. Wọ́n nu ojú tiwọn náà.

Wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Wọ́n fún Pulga ní omi tó mọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Pulga ju ìrù. Fì, fì, fì!

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Tátà fọṣọ fúnra wọn.

"Tátà! Ẹ̀wù funfun yín ti pọ́n! Ìbọ̀sẹ̀ pupa wà nínú ẹ̀!"

"Pa ẹnu ẹ dé. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Nayeli rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ ò fi bílíìṣì sí i? Igi ò fẹ́ ẹ."

"Mi ò fi sí i, ìyá àgbà kékeré."

Wọ́n gbé omi náà lọ sídìí ọ̀pọ̀tọ́, wọ́n ya èérún igi tó bo ilẹ̀ ibẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣọ̀ọ̀! Ìdí igi nìkan ni wọ́n dà á sí. Wọn ò da ẹ̀kán kan sórí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n fi èérún igi bò ó padà.

Ohun tí Ìyá àgbà fi sílẹ̀ nìyí:

Awò ojú kan, tí wọ́n fi òwú so apá rẹ̀.

Ìgò ata gbígbẹ méjì.

Súwẹ́tà tí wọn kò hun tán. Apá kan ṣoṣo ló ní.

Bàbá arúgbó kan.

Ọmọbìnrin kan, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.