Súfèé Inú Ọ̀rá

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé olùfẹ́ mi, mo yíjú lójijì, búrọ́ọ̀ṣì mi sì kùn ún nímú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ ojú omi là ń kùn níbí ni, àbí imú èèyàn?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wúkọ́.

Láti ọjọ́ náà la ti jọ ń ṣe ọkọ̀. Èmi á fi búrọ́ọ̀ṣì pa rẹsíìnì, oje tó máa ń gan bí òkúta, sára aṣọ fáíbà tí a fi ń ṣe ara ọkọ̀; òun á fi rólà tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, á sì máa súfèé. Ọwọ́ mi kì í tíì kúrò níbì kan tí ọwọ́ tirẹ̀ á ti débẹ̀. Bí a ṣe fẹ́ràn ara wa nìyẹn.

Àmọ́ òórùn rẹsíìnì ń fún mi níkọ́. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó mú mi lọ sílé.

"Ọmọ dáadáa ni," ni wọ́n wí fún un, "ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ìyàwó tí ikọ́ máa gbé lọ."

Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi gbé páǹpù dé ibi iṣẹ́ wa. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n á to aṣọ náà ní gbígbẹ, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó pinpin, páǹpù á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, rẹsíìnì á sì gba inú ọ̀pá rọ́bà wọlé fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ á fúyẹ́. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì. Kò sí èmi.

Olùfẹ́ mi lẹ̀ mọ́ ọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń forí korí lórí ọ̀rá. Kò tiẹ̀ súfèé mọ́. Owú ń jẹ mí nínú bí ikán ti ń jẹ igi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ Ìyá Páǹpù."

"Ìfẹ́ mi, bí ọ̀rá bá ń jò, etí la fi ń mọ̀. Ìdí tí mo fi dákẹ́ nìyẹn."

"Ẹ máa gbọ́ra yín yé lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ọkọ̀ àkọ́kọ́, mò ń kọjá nígbà tí mo gbọ́ súfèé tín-ín-rín. Inú mi dùn. Mo ṣe bí òun ni. Mo wẹ̀yìn: ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu omi.

Ọ̀rá ló ń súfèé! Obìnrin náà kò gbọ́; ó ti nawọ́ láti ṣí rẹsíìnì. Bí tiwa bá bàjẹ́, ọwọ́ á tún un ṣe. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ tiwọn, odindi ọkọ̀ ló lọ yẹn. Bí mo bá panu mọ́, páǹpù á padà síbi tó ti wá.

"Ẹ dúró!" ni mo kígbe. "Ó ń jò níbí!"

Obìnrin náà sáré dí i, ó sì wò mí.

"Ẹ̀yin lẹ níkọ́ yẹn, àbí? Àfẹ́sọ́nà yín ò jẹ́ kí n sinmi. 'Ṣé òórùn náà ò ní jáde? Ṣé ó dá yín lójú?' Etí mi ti kún!"

Mo yíjú sí olùfẹ́ mi. Ojú ń tì í.

"Inú ọ̀rá ni òórùn náà máa ń wà," ló wí jẹ́jẹ́. "Mo fẹ́ kí Màmá gbọ́ ohùn rẹ láìsí ikọ́."

Màmá fúnra wọn ló fi ọwọ́ mi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọkọ mi súfèé títí a fi délé.

Ó ti lọ sinmi lọ́run báyìí. Páǹpù ṣì ń ṣiṣẹ́. Èmi ni wọ́n máa ń pè kí n wá fetí sí ọ̀rá. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, inú gbogbo wọn á dùn. Èmi nìkan ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń dùn dọ́kàn.