Olùkọ́ Tó Ń Ka Àṣírí Ọmọ Ọlọ́mọ Síta

Ìwọ tó o mọ àbùkù gbogbo ènìyàn àfi tìrẹ, jókòó. Ìwọ ni mò ń bá wí.

Olùkọ́ kan fi ọdún méjìlélógún kọ́ni ní ìmọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Arínúróde ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Orúkọ Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ ọn.

Bó ṣe ń kọ́ni rèé. Níbẹ̀rẹ̀ sáà, á ní kí kálukú kọ ohun tó ń tì í lójú jù sínú ìwé, láìkọ orúkọ. "Àárín èmi àti yín ni o." Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, á kà á sókè níwájú ọgọ́fà ọmọ, á máa wo ojú wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti yẹ̀, ọwọ́ ti bà á nìyẹn. Ọmọkùnrin kan tó kọ ọ́ pé òun ò mọ bàbá òun kò padà wá mọ́. Olùkọ́ ní ọkàn ọmọ náà ni kò le.

Ìyá tó ń gbá kíláàsì náà bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Àṣírí ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tá a fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Jésù ń wò yín o."

"Ìyá, ẹ gbájú mọ́ ìgbálẹ̀ yín."

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ó sì di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìwé kíkà, olùkọ́ fa ọ̀kan yọ. Kò dá ọwọ́ ìkọ̀wé náà mọ̀.

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Tí mo bá gbọ́ ìró bàtà bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń tọ̀ sára."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí àgbàyà," ni olùkọ́ wí. "Àmọ́ bàbá yẹn gan-an ni kí ẹ bá mi wò. Bàbá tí ọmọ ń tọ̀ sára nítorí bàtà rẹ̀, ẹranko ni. Ta ló ni ín? Dìde."

Ọmọ rẹ̀ dìde. "Èmi ni, sà."

Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Lọ́jọ́ náà gan-an ló kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ rí bàbá òun mọ́.

Ìyá agbálẹ̀ wọlé lọ́sàn-án, ó bá olùkọ́ lórí àga.

"Ìyá, mo ti ba ọmọ mi jẹ́."

"Ó ti pé ọdún méjìlá tí mo ti ń ṣa àwọn ìwé yẹn nínú garawa ìdọ̀tí yín," ni ìyá wí. "Mo máa ń gbàdúrà fún àwọn tó kọ ọ́, kí n tó sun ún." Ó gbé ìwé òfìfo síwájú rẹ̀. "Ẹ kọ tiyín. Jésù ò ní fi yín rẹ́rìn-ín."

Ó kọ ọ́ títí ojú ìwé fi kún. Lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì gbá ló kúnlẹ̀ sí, ó ké pe Jésù, Jésù sì gbà á. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ka tirẹ̀ sókè fún ọgọ́fà ọmọ, ó tọrọ àforíjì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí wọ́n rín in tán.

Gbogbo Sátidé ló ń lọ sílé àǹtí yẹn. Á bọ́ bàtà rẹ̀ sí ìkóríta, á fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí ọmọ má baà gbọ́ ìró rẹ̀. Ọlọ́run ti dárí jì í. Ilẹ̀kùn yẹn ò tíì ṣí.

Ìwọ ńkọ́? Ta ni ìró bàtà tìrẹ ń bà lẹ́rù? Arínúróde tòótọ́ kò ní kí o kọ orúkọ síwèé kó tó mọ̀ pé ìwọ ni. Jẹ́wọ́ fún un lónìí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, kí ọmọ tìrẹ náà tó dìde.