Ẹsẹ̀ Àkàndá

"Ẹṣin kì í ṣe ti obìnrin. Fi okùn yẹn sílẹ̀!"

Bí Àyìndé ṣe já okùn ẹṣin gbà lọ́wọ́ Ṣadé àbúrò rẹ̀ nìyẹn, lójúde bàbá wọn ní Dassa, nígbà tí Iléyá ku ọ̀la. Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí! Ẹṣin tí Ṣadé ti ń tọ́jú láti ìgbà ọyẹ́!

Ọdún kẹta tí Dahomey gba òmìnira ni. Yẹ̀kínì, bàbá wọn, a máa di iyọ̀ ru Àkàndá, ẹṣin rẹ̀, lọ sí àwọn abúlé Tré àti Kèrè tí ọkọ̀ kì í fẹ́ dé. Lọ́jọ́ kan, ẹṣin náà yọ̀ lórí àpáta, iṣan ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan sì fà. Ta ló ń fi omi gbígbóná jó o? Ta ló ń fi òrí ra á? Ta ló ń fà á rìn díẹ̀díẹ̀ lójú títì láàárọ̀, kí ẹsẹ̀ náà lè tún mọ iṣẹ́? Ṣadé ni. Nígbà tó yá, ó gbé àpò iyọ̀ kékeré kan lé e, ó ń wo bó ṣe ń rìn. Àyìndé wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Abomey ní tirẹ̀. Ọdún ló mú un wálé, ló bá ní òun ni òun máa gun ẹṣin lọ sí yídì, kí àwọn ọ̀rẹ́ òun lè rí òun.

"Bàbá, ẹ dá sí i!" ni Ṣadé ké. "Èmi ni mo tọ́jú ẹ̀!"

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi," ni Yẹ̀kínì dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ṣùgbọ́n àkọ́bí ọkùnrin ní í gẹṣin lọ yídì. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san dáadáa?"

Ìbéèrè nìyẹn o, Ṣadé sì mọ ìdáhùn. Lójú títì, Àkàndá ń rìn geere. Ṣùgbọ́n lánàá tó fà á sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, ńṣe ló ń ká ẹsẹ̀ ọ̀hún kò, kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀nà yídì sì rèé, orí àpáta ló gbà. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀ kó tó wo ojú Àyìndé tó ń fẹ imú kiri. Ṣé òun náà ni yóò tún yọ ọ́ nínú ẹ̀tẹ́? Kó lọ! Kó lọ ṣubú lójú gbogbo ayé!

"Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ṣebí àwọn ló lẹṣin."

"Ó ti san!" ni Àyìndé sọ. Kò tilẹ̀ wo ẹsẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ kejì, Àyìndé jókòó sórí Àkàndá nínú agbádá funfun, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń pariwo pé, "Jẹ́ kó sáré!" Ó ta ẹṣin nípàá. Bí wọ́n ṣe dé ìsọ̀kalẹ̀ àpáta, ẹsẹ̀ náà yẹ̀. Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀: Àyìndé yí gbiri bọ́ sínú ẹrẹ̀. Èrò bú sẹ́rìn-ín, Ṣadé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Àkàndá ò lè dìde. Nígbà tó gbọ́ ohùn Ṣadé, ó gbìyànjú, ó tẹ ẹsẹ̀ náà, ó kérora, ó tún wó lulẹ̀. Àánú ṣe Ṣadé débi pé ó bú sẹ́kún. Kì í kúkú ṣe ẹṣin ló já okùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé, Yẹ̀kínì ń bú Àyìndé bí ẹni máa jẹ ẹ́ tán. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kan Ṣadé. Ì bá dákẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, mo mọ̀ pé kò tíì san. Ẹ bi mí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́."

"Haà! Kí ló dé?"

"Ẹ gba iṣẹ́ ọwọ́ mi fún ẹlòmíì. Inú bí mi!"

Yẹ̀kínì sorí kọ́. "Mo rẹ́ ọ jẹ lóòótọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́, Ṣadé. Kí ni ẹṣin ṣe?"

Kó tó padà sí Abomey, Àyìndé fi orí ara rẹ̀ ru iyọ̀ tí Àkàndá ì bá rù lọ sí Tré, ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú. Ṣadé ń ru tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n padà délé, Ṣadé gbé omi kaná, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹsẹ̀ Àkàndá látìbẹ̀rẹ̀.

Ìbínú ò ṣe nǹkan fúnni, ẹ̀yin ọmọ. Bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ sọ ọ́ síta, ẹ pariwo ẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbínú gbé òtítọ́ mì, torí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò fara gbá a.