Òǹkọ̀wé Tí Bámijókò Fi Ẹnu Dá

Láti ojú títì ni Bámijókò ti gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, tí ó ń ki ọmọ nínú ilé. Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ ni, oòrùn mú ganrínganrín lórí òkè Olósùnta, òun sì ń ti ilé ìwé bọ̀ pẹ̀lú ẹfun ṣọ́ọ̀kì lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Ọmọ a-kì-í-tìlẹ̀kùn, ọmọ ẹni-bá-kàn-án-dọmọ-ilé. Káàbọ̀ sí ulé, ọmọ mi."

Ohùn náà ń gbọ̀n bí ohùn ẹni tó ń sunkún ayọ̀. Oríkì ilé wọn ni, kò sí àní-àní. Àmọ́ Bámijókò nìkan ni ọmọ tó kù fún ìyá náà láyé, òun sì nìyí lójú títì, tí kò tíì kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú, nítorí náà ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ò tíì ju ọmọ ìrákòrò lọ nígbà náà. Nọ́ńbà Oǹdó ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì ń kó ẹrù bọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Adó. Ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí Bámijókò ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, àgùnbánirọ̀ kan tó ń jẹ́ Daniel mú eré kan wá sí ilé ìwé wọn, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó. Eré náà ní dáìsì bíi ti lúdò, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi ń ta á. Kálukú á dá èèyàn kan sílẹ̀, á sọ ilé tó ti wá àti ìyà tó ti jẹ ẹ́, wọn á wá ju dáìsì kí wọ́n lè mọ ohun tí ayé yóò fojú ẹni náà rí.

Fọlákẹ́mi, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní oúnjẹ sísè, dá ọdẹbìnrin kan tí ọta ìbọn rẹ̀ kì í tàsé. Bámijókò kò fẹ́ kí obìnrin ju òun lọ. Ó ní òǹkọ̀wé ni tòun, pé ohunkóhun tó bá kọ sílẹ̀ ni yóò ṣẹ.

"Agbára yẹn pọ̀, ẹ̀gbọ́n," Daniel wí. "Ó ní láti jẹ́ pé nǹkan ńlá kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló sọ ọ́ di òǹkọ̀wé?"

"Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ló kó sí kànga ẹ̀yìnkùlé wọn. Àtọjọ́ náà ló ti ń kọ̀wé, kí àbúrò rẹ̀ má baà di ẹni ìgbàgbé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó kù kó sọ orúkọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Bámijókò sì lọ kó ohun tí wọn kì í kó jáde nílé wọn. Ìyá rẹ̀ ti bí ọmọkùnrin kan ṣáájú rẹ̀, Fálẹ́yẹ, tó kú kó tó ká eyín. Nítorí ikú náà ni wọ́n fi sọ èyí tó tẹ̀ lé e ní Bámijókò, kó lè bá ìyá rẹ̀ jókòó. Ẹ lè dárúkọ Fálẹ́yẹ nínú ilé náà, ẹ sì lè ki oríkì ilé náà fún ẹni tó bá wù yín. Ohun tí àwọn àgbà wọn kọ̀ ni kí á pa méjèèjì pọ̀. Wọ́n ní òkú tí a bá pè tí a sì tún kì, ó di dandan kó jẹ́ni lóhùn. Bámijókò mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ pa Fọlákẹ́mi lẹ́rìn-ín, ó dìde, ó pe òǹkọ̀wé rẹ̀ ní Fálẹ́yẹ, ó kì í látòkè délẹ̀, ó fún un ní ilé ìyá rẹ̀, ó fún un ní kànga abẹ́ igi ọsàn pẹ̀lú. Ẹyin lọ̀rọ̀.

Ìyẹn ni Bámijókò rántí lójú títì lọ́sàn-án Jímọ́ọ̀ yẹn. Ó wọlé.

Ọkùnrin kan jókòó sórí àga Bámijókò. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rùn kẹrosíìnì bí ẹni tó máa ń jókòó ti àtùpà, tàdáwà sì ti sọ ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ di dúdú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Bámijókò ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú eré. Ìwé wà lórí itan rẹ̀, ó ń kọ nǹkan sí i.

"Àbúrò, o ti dé," ó wí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò gbójú sókè.

Bámijókò sáré wọ ilé ìdáná. Ìyá rẹ̀ ń bẹ iṣu, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ta nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Fálẹ́yẹ ti dé."

"Fálẹ́yẹ ti kú, Ìyá. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi."

"Ó kan ulẹ̀kùn, mo ní ta ni, ó dárúkọ ara rẹ̀. Ṣé kí n ti ulẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi ni?" Ó nawọ́ sí ìkòkò. "Bá mi gbé uṣu yìí kaná, ìwọ..."

Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ títí, ẹnu rẹ̀ ń wá nǹkan tí kò rí.

"Bámijókò," ni ọmọ náà wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bámijókò."

Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tí kò bà á rí láyé. Ó yé e pé kì í ṣe àlejò lásán ni òun pè wá sílé. Òǹkọ̀wé tó dá ti ní ilé, ó ti ní ìyá, ó ti ní oríkì. Nínú gbogbo ohun tó sọ nípa rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì ṣẹ, ìyẹn ni ikú àbúrò.

Ó gba ilé Daniel lọ kí oòrùn tó wọ̀. Daniel kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, títí Bámijókò fi sọ pé ìyá òun ti gbàgbé orúkọ òun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó dá èèyàn nínú eré lè yí ìtàn rẹ̀ padà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wa lẹ ti gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ wá láàárọ̀ ọ̀la. Màá ránṣẹ́ pe Fọlákẹ́mi."

Bámijókò kò fojú kan oorun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́bàá kànga, ó rọra fa omi, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa, nítorí kò gbàgbé ohun tó wà nílẹ̀. Omi náà tutù ju bó ṣe máa ń tutù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ó jáde. Ó nawọ́ sí ọ̀kadà kan, kò dúró. Ó kí ìyá oní-gàrí, ìyẹn kò dáhùn. Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ Daniel.

Daniel àti Fọlákẹ́mi ti jókòó sí fàráńdà. Kò tilẹ̀ kí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá: àbúrò òǹkọ̀wé kò kú mọ́, kò sí kànga kankan nínú ìtàn náà, Fálẹ́yẹ kì í ṣe ọmọ ilé wọn, kó padà síbi tó ti wá. Ó sọ ọ́ tán, ó tún un sọ.

Fọlákẹ́mi fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. "Ọyẹ́ ti dé o," ó ní. "Ṣé Tíṣà Bámijókò ò ní wá mọ́ ni?"

"Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀ sí i," Daniel dáhùn, ó ń yí dáìsì lọ́wọ́. "Ó ṣèlérí pé òun á wá."

Bámijókò sá padà sílé. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́bàá kànga níbi tó bọ́ ọ sí láàárọ̀, kọ̀ǹgọ́ tó fi fa omi ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ti rin ìlú já láìwọ bàtà, erùpẹ̀ kankan kò sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Fálẹ́yẹ jókòó sábẹ́ igi ọsàn pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

"Mo ti yí ìtàn náà padà," Bámijókò wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Èmi ni mo dá ọ, má gbàgbé."

"Òótọ́ ni, o ṣeun." Ó gbójú sókè, àánú sì wà lójú rẹ̀, èyí ló bani lẹ́rù jù. "Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni òǹkọ̀wé, àbúrò. Èmi lo fún níṣẹ́ yẹn. Mo ti kọ ikú àbúrò sílẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí o tẹ̀ síwájú láti fa omi. Fọkàn balẹ̀, o ò ní di ẹni ìgbàgbé."

Ìyá wọn yọjú láti ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀. Bámijókò pè é. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dúró síwájú rẹ̀ gan-an.

"Fálẹ́yẹ," ìyá náà wí, "ta lò ń bá sọ̀rọ̀ nídìí kànga yẹn?"

"Kò sẹ́nì kan, Ìyá. Ohun tí mo kọ ni mò ń kà."