Eérú Lóko Ìyápọ̀

Ìyápọ̀ ti oko dé, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun, ó bu omi mu, ó sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Kò ṣàìsàn, kò ṣubú, ejò kò bù ú jẹ. Ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí nígbà yẹn, ọdún mélòó kan kí àrùn lúkúlúkú tó wọ̀lú, géńdé kì í kú bẹ́ẹ̀ kí ẹnu ayé má sọ̀rọ̀. Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Àyìnkẹ́. Aláró ni, àwọ̀ èlú kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún Ìyápọ̀, Abọ́sẹ̀dé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín. Nígbà tó jáde opó, Ọ̀jẹ̀túndé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olórí ilé, fẹ́ ṣú u lópó. Àyìnkẹ́ ní kí wọ́n ṣe sùúrù fún òun. Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni oko bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Àgbàdo á hù, á dé orúnkún, ewé rẹ̀ á sì máa pọ́n. Ọkà bàbà kò gbó. Mọ́ládé, ìyàwó Ọ̀jẹ̀túndé, ní òun mọ ẹni tó ń mu oko náà gbẹ.

Lọ́jọ́ kan Àyìnkẹ́ lọ kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀jẹ̀túndé. "Bàbá Àpọ́nlé, mo tọ́ ilẹ̀ oko yẹn wò. Ó ti kan. Láti ayé bàbá yín lẹ ti ń ro ó, ẹ ò jẹ́ kó sinmi."

"Ògì ló ń kan," Ọ̀jẹ̀túndé dá a lóhùn. "Ta ló ń jẹ ilẹ̀ nínú ilé yìí?"

Mọ́ládé rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá lè jẹ èèyàn, ṣé ilẹ̀ ni ò ní lè jẹ?"

Àyìnkẹ́ dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó mọ̀, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Aláró a máa da omi sí eérú nínú ajere, omi tó bá jò sílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe aró. Eérú tó bá kù, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń dà á sí, ibẹ̀ sì ni ilá ìyá rẹ̀ ti máa ń ga ju ògiri lọ. Àyìnkẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá eérú tirẹ̀ gbẹ, ó ń gbé e lọ sí oko ọkọ rẹ̀. Ní ìdájí ló ń lọ, torí ìrì ló ń mú eérú mọ́lẹ̀. Bí oòrùn bá yọ, afẹ́fẹ́ á gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Ìdájí yẹn ló kó bá a. Ọ̀ṣẹ́nì aládùúgbò wọn ń ṣe àlùwàlá ìrun àsùbáà nígbà tó rí obìnrin kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà oko, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun báláú, òwìwí sì ń ké lórí igi emi. Búùtà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí oòrùn tó mú, àdúgbò ti kún oko Ìyápọ̀, wọ́n bá eérú lórí ebè. Wọ́n ní ẹni tí a bá da eérú lé lẹ́yìn, a ò fẹ́ kó padà wá mọ́ ni. Àṣé ìkórè ni obìnrin yìí da eérú lé lẹ́yìn!

"Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀," ni Mọ́ládé ń wí ṣáá.

Àyìnkẹ́ ṣàlàyé títí ohùn rẹ̀ fi há. Oyèlékè, àgbà ilé, mi orí. "Eérú nìkan ò tó ká fi pe ọmọlọ́mọ lájẹ̀ẹ́. Ta ló rí nǹkan mìíràn?"

Gbogbo ojú yí sí olórí ilé. Ọ̀rọ̀ sùúrù ọjọ́sí sì tún ta Ọ̀jẹ̀túndé lára.

"Èmi rí i," ó ní. "Ojú mi yìí ló rí ẹyẹ tó wọ òrùlé rẹ̀ lóru tí Ìyápọ̀ kú."

Kò rí ẹyẹ kankan. Ó ń sùn lóru náà ni, ó tún ń hanrun.

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Wọ́n ní kí Àyìnkẹ́ fi ọwọ́ lásán gbá eérú rẹ̀ kúrò, níṣojú ọmọ rẹ̀. Ó gbá a dé ìdajì oko kí òjò tó dé, tí kálukú sì sá lọ ilé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n lé e lọ sí Ìsẹ́yìn. Wọn kò jẹ́ kó mú Abọ́sẹ̀dé dání, ọmọ ilé ni. Ọ̀jẹ̀túndé fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ fún ọmọ náà pé kò gbọ́dọ̀ sunkún, pé àjẹ́ a máa gbọ́ ẹkún kó sì padà wá.

Wọ́n gbin àgbàdo. Ní ìdajì tí wọ́n gbá, ó dúró ní orúnkún, ó ń pọ́n bí ti tẹ́lẹ̀. Ní ìdajì tí òjò ti rin eérú wọlẹ̀, ó ga ju èèyàn lọ, ó dú mìnìjọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọjà sì ni oko náà wà. Àwọn tó ń kọjá á dúró, wọ́n á wò ó, wọ́n á wá kí Ọ̀jẹ̀túndé ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú tì í débi pé ọ̀nà inú igbó ló ń gbà lọ sóko.

Ọ̀ṣẹ́nì náà wá bá a. "Ẹ̀gbọ́n, ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n eérú lèmi rí. Ẹ̀yin lẹ rí ẹyẹ."

Ọ̀jẹ̀túndé ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, ó mú ọ̀nà Ìsẹ́yìn pọ̀n, ó bá Àyìnkẹ́ nídìí ìkòkò aró, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"Eérú rẹ ṣiṣẹ́," ó ní. "A ò mọ̀ ni. Jọ̀ọ́, máa bọ̀ nílé."

"Ẹ dìde, Bàbá Àpọ́nlé. Eérú kọ́ ló lé mi kúrò nílé." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹyẹ ni. Ọmọ mi wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ sọ ọ́. Ẹ lọ sọ òótọ́ fún un. Bó bá ní kí n máa bọ̀, màá bọ̀."

Ọ̀jẹ̀túndé padà sílé. Ó pe Abọ́sẹ̀dé síwájú Oyèlékè àti gbogbo ilé, ó ní, "Ìyá rẹ kì í ṣe àjẹ́."

Ọmọ náà fà sẹ́yìn, ó wo ojú Mọ́ládé, ó tún wo tirẹ̀. "Ẹyẹ tí ẹ rí ńkọ́, Bàbá?"

Ó wu Ọ̀jẹ̀túndé kó sọ pé ilẹ̀ ṣú, pé ojú lè tan èèyàn jẹ. Ṣùgbọ́n ó lóṣòó síwájú ọmọ náà.

"N ò rí ẹyẹ," ó ní. "Irọ́ ni mo pa mọ́ ìyá rẹ."

 Abọ́sẹ̀dé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó bú sẹ́kún, ó ń pe ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lẹ́nu láti ní kó dákẹ́.